Ẹ Má Bá Mi Tún Ojú Mi Ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní ìranù gbáà ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí àìsàn dìde, tàbí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, máa lọ jókòó níwájú onífọ́tò kí ara lè fúyẹ́. Ó ní fáàrí lásán ni. Ó ní kí ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ gbàdúrà, kó lọ rí dókítà, kó sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú bí mi díẹ̀. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé ìdajì ohun tó sọ jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Fọ́tò ojú ni mo ń yà jẹun. Kì í ṣe ti ìnáwó, kì í ṣe ti ìròyìn. Ẹnì kan, àga kan, ìmọ́lẹ̀ kan. Èmi fúnra mi, apá òsì ojú mi kì í dìde. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún á rẹ́rìn-ín, apá òsì á dúró máa wò ó. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí mo kà nìkan ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti kàwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kì í sùn.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Bell's palsy ló ṣe mí. Iṣan kan wà tó ń gba ìdí etí jáde wá sí ojú. Òun ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti ìpéǹpéjú ní apá tó wà. Bí iṣan yẹn bá wú, apá ojú yẹn á rọ jọwọrọ. Omi á máa dà sílẹ̀ létí ẹnu ẹni tó ń mu ún, ojú ò sì ní lè pa dé tán bí onítọ̀hún bá fẹ́ sùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ni ojú wọn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀. Tèmi padà, àmọ́ kò padà tán. Dókítà ṣe ipa tirẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Ohun tí kò sí nínú àpótí oògùn rẹ̀ ni bí mo ṣe máa bá ojú tó ṣẹ́kù yìí gbé.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ dára púpọ̀ fún ẹni tó ń sá fún ojú ara rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ń bi onífọ́tò pé kí ló dé tí kò sí nínú fọ́tò. Dígí ò bà mí lẹ́rù mọ́ nígbà náà, ojú wa ti mọ́ra. Fọ́tò ni mò ń sá fún. Bí ẹnì kan bá fi fóònù yà mí láìjẹ́ kí n mọ̀, tí mo sì wá rí i, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló gbé ojú mi wọ̀, tó sì wọ̀ ọ́ lódì. Mo gbà pé àṣejù tèmi ni, títí mo fi mọ ohun tó fà á.

Ojú tí à ń rí nínú dígí kọ́ ni ojú tí ayé ń rí. Dígí á fi apá òsì wa sọ́wọ́ òsì wa, á fi ọ̀tún sọ́wọ́ ọ̀tún. Kámẹ́rà ní tirẹ̀ á rí wa bí ẹni tó dojú kọ wá ṣe ń rí wa: òsì wa á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Mita, Dermer àti Knight, ya àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní fọ́tò, wọ́n sì tẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lọ́nà méjì, ọ̀kan bí ojú ṣe rí gan-an, èkejì bí dígí ṣe máa ń yí i. Èyí tó jọ ti dígí ni àwọn tó ni ojú fẹ́ràn jù. Èyí tí kámẹ́rà rí ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ràn jù. Kálukú mú èyí tí ojú rẹ̀ ti mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó nǹkan, ó kàn máa ń ṣe wọ́n bíi pé fọ́tò wọn "kò mú wọn dáadáa" ni. Fún ẹni tí ìdajì ojú rẹ̀ rọ̀, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú dígí, apá tó rọ̀ wà lọ́wọ́ òsì mi, níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Nínú fọ́tò, ó ti fò lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ti bá ojú kan parí ìjà, fọ́tò wá ń gbé ojú mìíràn wá bá mi. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nílé ìwòsàn, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí irú àìsàn yìí, tàbí àrùn rọpárọsẹ̀, bá fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, mo tẹ fọ́tò ara mi kan lọ́nà méjèèjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò sì já wọn títí méjèèjì fi di èmi.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba fóònù náà, torí òun ló ń kó ẹjọ́ wá bá mi jù. Ẹjọ́ imú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá jókòó níwájú mi máa ń kọ́kọ́ rò. Imú wọn tóbi jù. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti rí i?" Nínú fọ́tò tí wọ́n fi fóònù ya ara wọn ni. Ní 2018, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: bí kámẹ́rà bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú, imú á fẹ̀ ju bó ṣe máa rí láti ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ ní nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀bi fóònù kọ́. Ohun tó bá súnmọ́ lẹ́ńsì jù ló máa ń tóbi jù, imú ló sì ṣíwájú ojú. Ibi tí ọwọ́ wa gùn dé náà ni fóònù máa ń dúró sí. Bí mo bá fẹ́ ya ojú, mo máa ń fà sẹ́yìn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, màá wá fi lẹ́ńsì 85mm fà á súnmọ́. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ronú iṣẹ́ abẹ nítorí imú tí kò sí lójú rẹ̀ rárá, inú fóònù nìkan ni imú ọ̀hún ń gbé.

Àwọ̀ dúdú ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù. Fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ara Shirley bá ti yọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí aláwọ̀ dúdú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ funfun nínú fọ́tò kan náà, eyín àti ẹyin ojú rẹ̀ nìkan ló máa hàn. Ó di nǹkan bí àárín ẹ̀wádún tó kẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kí Kodak tó ṣe káàdì tó ní obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi. Nǹkan ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Google gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Real Tone, tó wà fún kí kámẹ́rà lè mú àwọ̀ dúdú bó ṣe rí, sínú fóònù Pixel 6 wọn ní 2021, ní 2022 wọ́n sì gba òṣùwọ̀n àwọ̀ ara mẹ́wàá tí onímọ̀ kan, Ellis Monk, ṣe. Síbẹ̀ náà, bí ẹ bá gbé aláwọ̀ dúdú síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú onítọ̀hún á sì wọ òkùnkùn. Lára ojú ni onífọ́tò ti gbọ́dọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe lára ògiri. Mélòó nínú wa ló ti gbà pé àwọ̀ òun ni kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó di kámẹ́rà mú ni kò mọṣẹ́?

Frederick Douglass ti mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó sì sá jáde níbẹ̀. Nǹkan bí 160 fọ́tò rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí kójọ, wọ́n ní kò sí ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó gbé ayé. Agbára káká ni ẹ fi máa rí ẹ̀rín nínú wọn. Àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nígbà náà máa ń ya aláwọ̀ dúdú bí òmùgọ̀ tó kàn ń yín eyín, òun ò sì fẹ́ bá wọn pèsè eyín. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ojú tó máa gbé síta.

Yíyàn yẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà rò. Òun gbà pé ẹwà là ń wá lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Bó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni, ẹ̀sùn fáàrí tó fi kàn wá ì bá tọ́, torí ẹwà kì í pẹ́ ṣá. Ohun tí mo ti rí ni pé ẹni tí àìsàn, ìjàǹbá tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ti gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi fọ́tò gbà á padà, bó bá jẹ́ pé òun ló ni àṣẹ lórí fọ́tò náà. Bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kámẹ́rà kan náà lè dá ọgbẹ́ sí i. Ìtàn méjì wà tí mo máa ń gbé lé ara wọn bí mo bá ń sọ èyí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ England ni méjèèjì sì ti ṣẹlẹ̀.

Èkíní ni ti Dókítà Hugh Welch Diamond. Òun ni ọ̀gá ní ẹ̀ka àwọn obìnrin nílé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ti Surrey, ó sì fẹ́ràn fọ́tò nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ ohun tuntun láyé. Ó ń ya àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1856, ó sọ̀rọ̀ níwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, pé fọ́tò á jẹ́ kí dókítà ka àrùn ọpọlọ lójú aláìsàn, àti pé bí aláìsàn bá rí fọ́tò ara rẹ̀, ó lè ràn án lọ́wọ́ láti sàn. Èrò kejì yẹn dára gan-an. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń ti bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń tọ́ka sí orírun ohun tí à ń ṣe lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn fọ́tò náà já sí. Ní 1858, dókítà mìíràn, John Conolly, lo àwòrán tí wọ́n yà láti ara wọn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan láti fi ṣàlàyé irú àrùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Orúkọ àrùn ló dúró fún wọn. Nínú ọ̀kan lára wọn, obìnrin kan jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́, a ò sì mọ̀ bóyá ẹnì kankan bi í pé ṣé ó fẹ́.

Èkejì ni ti Jo Spence. Onífọ́tò ni, ó ti fi fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò ojú jẹun rí, bíi tèmi. Ní 1982 wọ́n sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, ó ń ya àwọn dókítà bí wọ́n ṣe ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó kọ ọ́ sára ọyàn rẹ̀ pé ohun ìní Jo Spence ni, ó sì fi àmì ìbéèrè parí rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n ya òun bẹ́ẹ̀. Àmì ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe. Ó mọ̀ pé ní kété tí èèyàn bá ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn, kò dá a lójú mọ́ pé òun ló ni ara òun. Lẹ́yìn náà, òun àti obìnrin onífọ́tò kan, Rosy Martin, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn ní ìpààrọ̀. Bí ọ̀kan bá wà níwájú kámẹ́rà, òun ló máa sọ irú aṣọ tí òun fẹ́ wọ̀, irú ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ náà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Nígbà tó bá yá, wọn á pààrọ̀ àyè. Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ kékeré tí wọ́n ti jẹ́ rí ni wọ́n máa ń padà dà níwájú kámẹ́rà, ìgbà mìíràn, ìyá wọn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa Spence ní 1992. Fọ́tò kì í wo jẹjẹrẹ sàn, òun náà kò sì sọ pé ó máa wò ó.

Aláìsàn ni àwọn obìnrin Surrey, aláìsàn ni Spence. Kámẹ́rà wà níbi méjèèjì. Ẹni tó ń sọ pé "ó yá, yà á" ni kò jọra.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Iná ti jó o láti ọrùn dé àgbọ̀n nígbà tó wà ní kékeré, àpá náà sì wà níbẹ̀ gbagidi. Nínú gbogbo fọ́tò tó ní, síkáàfù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ya ọ̀kan láìsí síkáàfù, kó tó di pé òun kú. Mo ní, "Ẹ tú u nígbà tó bá wù yín, mà. Bí kò bá sì wù yín mọ́, ẹ jẹ́ kó wà." Mo gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo tò ó sójú, mo fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo wá fún un ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ kámẹ́rà láti òkèèrè. Mo bá jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í fẹ́ gbọ́ èyí, pé àkókò tí wọ́n wúlò jù ni ìgbà tí wọn ò sí nínú yàrá.

Nígbà tó pè mí wọlé, mo tẹ gbogbo rẹ̀ ní kékeré, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo sì gbẹ́nu mi dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni iṣẹ́ tó le jù nínú iṣẹ́ mi. Bí mo bá sọ pé "èyí dára," mo ti gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ẹ̀sùn: wo ọrùn, wo ojú, wo bí mo ṣe gbó. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rò ó tán. Bí ẹ̀sùn bá tán, tí wọn ò sì tíì dìde lórí àga, nǹkan mìíràn á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé ọ̀kan sọ́wọ́, wọ́n á gbé e jìnnà, wọ́n á tún gbé e súnmọ́.

Èyí tó mú, èmi ì bá ti jù ú nù. Ojú rẹ̀ kò là tán níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sórí àpá náà gan-an.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ojú yín kò là tán nínú ìyẹn, mà."

"Mo mọ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá fẹ́ dá èèyàn lóhùn."

Ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun jọ ìyá òun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, ọrùn ni òun máa ń wò bí òun bá dúró níwájú dígí, òun ò ráyè wo ojú. Kò jù síkáàfù nù o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó wé e padà kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ó ní kí n tẹ fọ́tò náà tóbi fún òun, ó sì gbé e lọ sílé.

Mo máa fi èyí wé ohun tí wọ́n ṣe fún èmi. Mo nílò fọ́tò fún káàdì ẹgbẹ́ kan, mo lọ sí sítúdíò kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ níwà, ó yà mí, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gé apá ọ̀tún ojú mi, ó yí i padà, ó sì fi rọ́pò apá òsì. Ẹnu mi wá tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ó ní, "Mo ti bá yín tún un ṣe, mà. Mi ò gba owó ìyẹn." Mo wo obìnrin tó wà nínú fọ́tò. Ó lẹ́wà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Inú rere ni ọmọ náà fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dùn mí, torí ó túmọ̀ sí pé bí gbogbo ẹni tó níwà ṣe ń rí mi nìyẹn: ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá ti ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tó máa ní kó tún un ṣe, ẹ̀tọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Ìbéèrè ni kò sí.

Ìlú mìíràn ti fi òfin sí ọ̀rọ̀ títún ara ṣe nínú fọ́tò. Láti October 2017 ní ilẹ̀ Faransé, fọ́tò ìpolówó tí wọ́n bá ti sọ ara afẹwàṣiṣẹ́ inú rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí wọ́n mú un sanra, gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Norway ṣe tirẹ̀ ní July 2022. Ọ̀rọ̀ ìpolówó nìyẹn, òfin kì í wọ inú sítúdíò, kì í sì í wọ inú fóònù ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí àpù rẹ̀ ti ń fá ojú rẹ̀ dán kó tó tẹ bọ́tìnnì rárá. Lọ́dọ̀ mi, ohun tó máa lọ fúnra rẹ̀ lójú èèyàn, bí irorẹ́ tàbí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, mo lè pa á rẹ́ bí wọ́n bá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ tó máa bá wọn lọ, àpá, ìlà, tàdáwà, ẹnu tó wọ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án àyàfi kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, màá sì tẹ èyí tí mi ò fọwọ́ kàn mọ́ ọn fún wọn.

Mo ní ìdajì lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni náà jẹ́ òótọ́, ìdajì ọ̀hún rèé. Fọ́tò kì í ṣe dókítà. Àìsàn kan wà tó máa ń mú kí èèyàn rí àbùkù ńlá lára ara rẹ̀ níbi tí ẹlòmíì kò ti rí nǹkan kan, tí á máa yẹ ara rẹ̀ wò nínú dígí láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí kó máa sá fún dígí pátápátá. Bí ẹ bá gbé ọgbọ̀n fọ́tò síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ́ kàn fún un ní ọgbọ̀n àbùkù ni. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ló yẹ kó lọ. Bí ẹnì kan bá sì sọ lórí àga mi pé ayé ti sú òun, kámẹ́rà parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tó mọ̀ nípa ìyẹn la máa jọ wá lọ. Judy Weiser, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Canada, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀: èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ń fi fọ́tò ṣe pẹ̀lú aláìsàn wọn, àti èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi fọ́tò ṣe fúnra rẹ̀ láti túbọ̀ mọ ara rẹ̀. Inú èkejì ni mo wà, mi ò sì ń dibọ́n pé inú èkíní ni. Àwọn onífọ́tò tó ń polówó ara wọn báyìí pé àwọn ń "wo ọkàn sàn," tí wọ́n sì ń gbé ojú àwọn tó ń sunkún sórí Facebook láti fi ta ọjà, àwọn ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, mo bá ọ̀gbẹ́ni náà bínú sí wọn.

Èyí tó wá kan ẹ̀yin olóòtú. Ní 15 August 1993, ìwé ìròyìn New York Times fi fọ́tò kan sí iwájú ìwé tí wọ́n máa ń fi kún ti ọjọ́ Ìsinmi. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Matuschka ló ya ara rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n gé lápá kan kí àpá ibi tí wọ́n ti gé ọyàn rẹ̀ lè hàn. Lẹ́tà rọ́ wọlé, ti ìbínú àti ti ọpẹ́. Òun ló yà á, òun ló pinnu ohun tó máa hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1998, Rick Guidotti, tó ti ń ya àwọn afẹwàṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àfín, torí fọ́tò wọn tó rí nínú ìwé ìṣègùn bí i nínú: èèyàn tí wọ́n dúró ti ògiri bí ọ̀daràn, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n bí èèyàn tó ní orúkọ.

Ìwé ìròyìn yín náà máa ń tẹ fọ́tò ẹni tí iná jó, ẹni tí ọkọ̀ gbá, ìyá tó pàdánù ọmọ. Mo ti kà yín pẹ́, mo mọ irú èyí tí ẹ máa ń mú: ibi tí ẹni náà ti ń sunkún jù, ibi tí ọgbẹ́ ti hàn jù. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kéré. Bí ẹni náà bá lè sọ̀rọ̀, kí akọ̀ròyìn yín bi í pé, "Èwo nínú fọ́tò yín lẹ fẹ́ ká lò?" Bó bá ní òun kò ní, kí ó yà á, kó fi hàn án lójú kámẹ́rà kó tó kúrò níbẹ̀, kó sì pa èyí tó bá ní òun kò fẹ́ rẹ́ lójú rẹ̀. Bó bá ní òun kò fẹ́ ìkankan rárá, ẹ tẹ ìròyìn náà láìsí fọ́tò.

Èmi ni tiyín,

Obìnrin onífọ́tò kan, òǹkàwé yín